Sípíkà Tí Bàbá Mi Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Tú

Nígbà tí mo wà ní kékeré, nínú ilé àyágbé kan ní Agége, bàbá mi ní sípíkà méjì tó ga tó mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìròyìn. Mo ti jókòó ní kóòtù, mo ti sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ìròyìn, mo sì ti bá ẹlẹ́rìí tí mi ò lè kà tán sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa gan-an, tó ba ayé ọkùnrin kan jẹ́, mi ò wádìí rẹ̀ rí. Ìyẹn ló ń bí mi nínú. Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́, ẹ má sì retí kí n sọ fún yín pé ayé ìgbà yẹn dùn. Apá kan rẹ̀ dùn lóòótọ́. Apá tó kù ni mo fẹ́ sọ.

Dírẹ́bà ni bàbá mi. Òyìnbó kan tó jẹ́ máníjà ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Ìkẹjà ni wọ́n ń wà kiri. GRA ni òyìnbó náà ń gbé, nínú ilé ńlá tí igi yí ká, inú pálọ̀ rẹ̀ sì ni bàbá mi ti kọ́kọ́ gbọ́ sípíkà náà. Wọ́n máa ń sọ pé ọjọ́ yẹn làwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé rédíò tó wà nílé wa kò kọrin rí, pé ikọ́ ló ń wú. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sí ìlú rẹ̀, ó ní kí bàbá mi mú ohun kan tó bá wù wọ́n nínú ẹrù òun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní kí wọ́n mú fíríìjì. Bàbá mi mú sípíkà. Ìyá mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọkùnrin mẹ́ta ló gbé ọ̀kan wọlé. Pákó rẹ̀ ń dán, ó pọ́n bí obì, aṣọ dúdú ló bo ojú rẹ̀. Nísàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ihò roboto kan wà níbẹ̀ tó tóbi tó ẹnu ife kékeré. Ẹ fi ọkàn sí ihò yẹn, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa tó fi ọkàn sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni a máa ń gbọ́ ọ. Ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ láti mú àwo orin wá. Bàbá mi á kọ́kọ́ fọ ọwọ́, wọ́n á fi tówẹ̀lì nù ún, kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan àwo náà. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì mẹ́rin sí orí sìmẹ́ńtì, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ àga wọn gbọ́dọ̀ wà, torí wọ́n ní ibẹ̀ ni ohùn méjèèjì ti ń pàdé. Ẹni tó bá sún àga yẹn, wàhálà ló fà lẹ́sẹ̀. Alùfáà tó ń kọ́ wa ní kéwú níwájú ilé á dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní àwọn ò wọlé, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn kì í dúró jẹ́ẹ́. Tí gìtá béèsì bá sì wọlé, ìdí àga ni ẹ ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ kó tó dé etí yín. Mo ti gbọ́ ẹ̀rọ orin tó pọ̀ láti ìgbà yẹn, nínú òtẹ́ẹ̀lì àti nínú ilé àwọn olówó. Mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀.

Nígbà tó yá, ohùn ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàbá mi ṣí aṣọ ojú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé fóòmù tó yí etí ìwé roboto tó ń gbé ohùn jáde nínú rẹ̀ ká ti jẹrà, ó ń ṣí wálẹ̀ bí èérún búrẹ́dì. Ti èkejì náà ti ń bọ̀ lọ́nà. Ni wọ́n bá ní kí wọ́n gbé méjèèjì lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Onísípíkà.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bọ̀dá Onísípíkà. Wọn ò tíì ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà náà. Ṣọ́ọ̀bù onípákó ni wọ́n ní lẹ́bàá ojú irin, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kun pátákó sí iwájú rẹ̀: orúkọ wọn lókè, "A ń tún ohùn ṣe" nísàlẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀ fún bàbá mi tí wọ́n bá lọ jókòó ti oníṣẹ́ náà, nítorí náà ojú mi ni iṣẹ́ ọ̀hún ṣe. Àwọn mìíràn nígbà yẹn ń fi ẹ̀kọ lẹ ìwé sípíkà, aáyán á sì jẹ ẹ́ dà nù. Bọ̀dá Onísípíkà ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá rènkóòtù àtijọ́ kan, wọ́n fi abẹ́ gé òrùka lára rẹ̀, ó dọ́gba bí ẹni fi ẹ̀rọ gé e. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù àwọn tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ìwé náà, wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí yíká kó lè gbẹ. Nígbà tó gbẹ, wọ́n fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ìwé náà jẹ́jẹ́, wọ́n sì gbé etí sún mọ́ ọn. Tó bá ti ha díẹ̀ báyìí, wọ́n á tún un tú. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gbé e lọ ilé, wọ́n gbé ìwé ìròyìn kan tí wọ́n dì fún bàbá mi. Fóòmù jíjẹrà náà ló wà nínú rẹ̀, gbogbo èérún rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà. Ẹrù yín ni. Mi ò kí ń fi nǹkan oníbàárà sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí. Sípíkà náà sì dún ju ti ìgbà tó wà ní GRA lọ, bàbá mi ló fẹnu ara wọn sọ bẹ́ẹ̀.

Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ìyá mi rí eku kan tó gba ihò ẹ̀yìn sípíkà wọlé. Wọ́n pariwo. "Ẹ wá wo ilé tí òyìnbó kọ́ fún eku!" Wọ́n rò pé ibi tí nǹkan kan ti já bọ́ ni ihò náà. Wọ́n fi igi gbá ara àpótí náà títí eku fi jáde, wọ́n ya ògbólógbòó ìró wọn kan, wọ́n gé àpò gàrí mọ́ ọn. Ọwọ́ àgbà ò lè wọ ibẹ̀. Ọwọ́ mi ló wọ̀ ọ́. Èmi ni mo ti àkísà náà bọ ihò méjèèjì, tí mo fi ìdí ọmọ orógùn tì í títí tí kò fi hàn mọ́.

"Má sọ fún bàbá ẹ o," ni ìyá mi wí. "O mọ̀ pé wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

Mi ò sọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Eku ni mo rò pé mo dènà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ohùn ti mọ ohun tí a ṣe. Ihò yẹn kì í ṣe ìbàjẹ́. Ẹni tó kan àpótí náà ló dìídì lu ú síbẹ̀. Ibẹ̀ ni sípíkà náà ti ń mí, ibẹ̀ ni béèsì, ohùn ìsàlẹ̀, ń gbà jáde. Àwa la fún un lọ́rùn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bàbá mi gbé àwo sí i, wọ́n jókòó, wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. Wọ́n ní ohùn náà ti gbẹ. Ọ̀rẹ́ wọn kan tó jẹ́ elétíríìkì ní ilé-iṣẹ́ aṣọ náà wà níbẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ò le. Wọ́n ti yọ mágínẹ́ẹ̀tì òyìnbó tó ń gbé ohùn, wọ́n ti fi pàǹtí sí i. Iṣẹ́ àwọn tó ń tún sípíkà ṣe nìyẹn, mo mọ̀ wọ́n." Kò tú u o. Kò tilẹ̀ dìde wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀, ó jẹ ẹran tí a gbé fún un tán, ó lọ ilé rẹ̀.

Ohun tó tó fún bàbá mi nìyẹn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n lọ. Bàbá mi ló ṣáájú, gbogbo ilé tẹ̀ lé wọn, àwa ọmọdé ń sáré lẹ́yìn. Bọ̀dá Onísípíkà ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹ̀sùn náà, wọ́n ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká tú u. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá síta níbí, ká tú u lójú gbogbo ènìyàn. Tí mágínẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kì í bá ṣe ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

"Kó o lè jí èyí tó kù?" ni bàbá mi dáhùn.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo "Olè!" àwọn tó kù gbè é. Mo gbè é. Mo fi gbogbo agbára mi gbè é, nítorí pé ó dùn láti pariwo pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà láìsí pé wọ́n ń bá ènìyàn wí. Bàbá mi ní kí wọ́n yọ pátákó náà, pé kó má baà tan ẹlòmíràn jẹ. Wọ́n yọ ọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ṣọ́ọ̀bù náà fi di títì. A ò rí Bọ̀dá Onísípíkà mọ́, kò sì sí ẹni tó béèrè ibi tí wọ́n gbà.

Bàbá mi búra pé kò sí oníṣẹ́ kankan tó tún máa fọwọ́ kan sípíkà náà. Wọ́n pa ìbúra náà mọ́ títí wọ́n fi kú. Nígbà tí wọ́n kú, èmi ni mo jogún rẹ̀. Mo gbé e láti ilé dé ilé, mo ń nu pákó rẹ̀, mo ń gbọ́ ọ bó ṣe wà, ohùn òkè láìsí ohùn ìsàlẹ̀. Tí àlejò bá bi mí, mo máa ń sọ pé, "Olè kan ló yọ mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀." Mo ti sọ ọ́ ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ. Èmi oníròyìn, tí mo máa ń bi àwọn ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn pé, "Ta lo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Ṣé ojú rẹ ló ṣe?" Mo ń tan ẹ̀sùn tí mi ò wádìí kálẹ̀ nínú pálọ̀ mi, mo sì ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò tẹ̀ lé e.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan dákẹ́ pátápátá. Wọ́n júwe ọmọbìnrin kan fún mi ní Otigba, nínú Computer Village, tó ń tún ẹ̀rọ orin àtijọ́ ṣe lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan láàárín àwọn tó ń ta fóònù. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó tú sukurúù ojú rẹ̀, ó yọ sípíkà inú rẹ̀, ó tan iná sínú àpótí náà.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àpótí aṣọ lẹ fi ṣe ni?"

Ó fi ẹ̀mú gígùn fa nǹkan jáde. Ìró ìyá mi ni, aláwọ̀ búlúù tó ní ẹyẹ pupa rẹ́súrẹ́sú lára. Mo mọ̀ ọ́n kó tó jáde tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àpò gàrí. Mo rántí ọmọ orógùn náà, mo rántí ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ.

"Mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ńkọ́?" ni mo bi í. "Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀, àbí?"

"Rárá o. Ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni. Ẹ wo nọ́ńbà. Ẹ wo ọ̀dà tó wà lórí nọ́ọ̀tì, kò là, ẹnikẹ́ni ò tú u rí. Etí ìwé nìkan ni wọ́n ṣiṣẹ́ lé." Ó gbé e sún mọ́ iná. "Ẹ̀n-ẹ́n! Rènkóòtù rèé. Mọ́mì, ta ló ṣe èyí? Ẹni yìí lọ́wọ́ gan-an. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ò lè ṣe é báyìí. Wáyà ló já, nǹkan kékeré ni."

Ó jó wáyà náà pọ̀, ó dì í padà, ó sì tẹ orin sí i. Béèsì jáde. Àwọn tó ń ta ṣájà lẹ́nu ọ̀nà yíjú padà. Ẹ má retí kí n sọ pé mo sunkún ayọ̀. Inú bí mi débi pé mo ní kó pa orin náà.

Ta ni mo ń bínú sí? Bàbá mi ni, tí wọ́n fọ ọwọ́ fún àwo ṣùgbọ́n tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀. Elétíríìkì yẹn ni. Ìyá mi náà ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀, tí wọ́n sì dákẹ́, àbí wọn ò mọ̀ rárá? Wọ́n ti kú, mi ò lè bi wọ́n, mi ò sì ní sọ ohun tí mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀.

Mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe tipẹ́. Mo wá ẹlẹ́rìí. Ìyá àgbà kan tí yàrá wọn kọjú sí tiwa láyé ìgbà yẹn ṣì wà ní Agége, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́ ṣùgbọ́n ẹnu wọn mú. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n rántí.

"Mo rántí. Èmi náà pariwo. Mi ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá ní kídìnrín ló jí, ǹ bá ṣáà pariwo náà ni. Bàbá ẹ ló ni sípíkà, bàbá ẹ ló ń fún wa ní orin. Ta ló máa sọ pé wọn ò tọ̀nà?"

Wọ́n sì fi kún un pé, "Ọkùnrin yẹn ò kúkú lọ jìnnà. Ìjú ni wọ́n wà, lọ́dọ̀ ọmọ wọn."

Ìjú! Ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dé láti Agége kí ẹ tó jókòó dáadáa. Gbogbo ọdún tí mo fi ń pe ọkùnrin yìí ní olè, ìtòsí mi ni wọ́n wà.

Ìyàwó ọmọ wọn ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n má bá bàbá sọ̀rọ̀ orin o. "Wọn ò fẹ́ rédíò nílé. Tí a bá tan orin, wọ́n á gbé àga jáde síta." Ó ní láti ìgbà tí òun ti mọ̀ wọ́n, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí òun mọ̀ wọ́n mọ́ ni géètì ṣíṣí, ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìkẹjà, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní èmi ni ọmọ dírẹ́bà òyìnbó, ní Agége.

"Dírẹ́bà tó ní sípíkà," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ẹ ti tú u?"

"A ti tú u, sà."

"Kí lẹ bá níbẹ̀?"

"Àkísà ni, sà. Àkísà ìyá mi. Ọwọ́ mi ni mo fi tì í bọ ihò ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí eku."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dùn ún gbọ́. "Àkísà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká tú u. Kì bá tí gbà ju àsìkò tí ènìyàn fi ń mu ẹ̀kọ tán lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká tú u."

Mo ní kí wọ́n dárí ji bàbá mi, kí wọ́n dárí jì mí. Mo ní màá gbé sípíkà náà wá kí wọ́n gbọ́ ọ.

"Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Mo mọ bó ṣe ń dún. Èmi ni mo tún un ṣe." Wọ́n na ìka sí ilẹ̀kùn yàrá tí ìyàwó ọmọ wọn ti pa dé. "Ìwọ náà wò ó. Ìta gbangba ni wọ́n ti pè mí lólè, lójú ọmọdé àti àgbà. O wá wọ inú yàrá wá sọ fún mi pé mi ò jalè. Èmi mọ̀ pé mi ò jalè! Ṣé èmi ni kò mọ̀ ni?"

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní oníròyìn ni ẹ́. Lọ kọ ọ́."

Mo bi wọ́n bóyá kí n kọ orúkọ wọn.

"Má kọ ọ́. Nígbà tí orúkọ wúlò fún mi, mo kọ ọ́ sára pátákó. Ohun tí ẹ ṣe ni kó o kọ."

Mo ti kọ ọ́ yìí. Bọ̀dá Onísípíkà, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ojú irin ní Agége, ò jí nǹkan kan. Irọ́ ni a pa mọ́ wọn. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó bá ṣì wà láyé, tó sì pariwo, kó gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó lọ mo padà sí Otigba láti gbé sípíkà kejì lọ fún ọmọbìnrin tó tú ti àkọ́kọ́. Mo bá ọmọbìnrin náà tó so fóònù mọ́ orí irin gígùn kan lókè tábìlì, ó ń ya fídíò ara rẹ̀ bó ṣe ń tú ẹ̀rọ oníbàárà kan, ó ń ka nọ́ńbà ara irin kọ̀ọ̀kan síta kó tó yọ ọ́. Mo rò pé ó ń kọ́ àwọn ènìyàn níṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Ó ní rárá.

"Ẹ̀rí ni, Mọ́mì. Gbogbo iṣẹ́ ni mò ń yà báyìí. Tí wọ́n bá gbé e délé tí wọ́n ní mo yọ nǹkan, màá fi hàn wọ́n. Ẹ mọ àwọn èèyàn wa."

Mo mọ̀ wọ́n. Ilé-iṣẹ́ aṣọ tí bàbá mi ti wa mọ́tò ti di gbọ̀ngàn ìjọsìn, pákó tí wọ́n fi kọ́ ilé wa ti jó tán, ẹ̀rọ orin ti wọ inú fóònù, àwọn ọmọ mi sì ń sọ fún mi pé ayé ti lajú, pé nǹkan bẹ́ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo wo ọmọbìnrin náà bó ṣe ń gbé nọ́ọ̀tì kékeré kan sójú fóònù kó tó gbé e kalẹ̀, tó ń ṣọ́ra bí ẹni tí wọ́n ti fẹ̀sùn kàn. Kì í ṣe àwa ni a ti dára sí i. Àwọn oníṣẹ́ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe máa gba ara wọn lọ́wọ́ wa.